Bọ́ọ̀lù-jọ́ìn Inú Páálí

Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì, 2024.

Àsíìsì ọmọ mi,

Ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn ò tíì gbé ọ mì? Àwa ń bẹ láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìyá rẹ kí ọ. Jàmíátù àbúrò rẹ kí ọ, ó ní bùbá tí òun rán fún ọ láti ọdún Iléyá ṣì wà lórí máṣíìnì, òun ò rí ẹni fi rán. Òun náà ló máa fi fóònù rẹ̀ ya lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ, nítorí o mọ̀ pé etí mi ò gba ìpè mọ́. Ọgbọ̀n ọdún tí mo fi gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì ti kó o lọ. Bí o bá pè mí, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga ni mo ń gbọ́ ọ. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, kí n lè kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ló jẹ́ kí n mú gègé. "Ẹ̀sọ̀ Layé" ọkọ̀ wa ti ń tiro. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú ti ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ bí a bá bọ́ sí kòtò. Èmi ò gbọ́ ọ o, ìyá rẹ ló gbọ́ ọ. Òun ni etí mi báyìí. Bí mo bá ti fura sí ọkọ̀, òun ni mo máa ń gbé jókòó síwájú, a ó wa ọkọ̀ dé Ọ̀tan Ayégbajú, á di ojú, á fi ọwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù, á wá ní, "Bàbá Àsíìsì, ọwọ́ ọ̀tún ni, nísàlẹ̀." Kò sí mẹkáníìkì tó jù ú lọ ní gbogbo Ìlá.

Mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo mi táyà, òótọ́ ló sọ. Bọ́ọ̀lù-jọ́ìn ni, irin olórí róbótó yẹn tó so táyà mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ó ti jẹ tán. Àwọn èrò ti ń sá fún mi. Bó bá kàn mí láti gbé èrò ní páákì, wọ́n á fò mí, wọ́n á wọ ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi. Àwọn tíṣà tí mo ti ń gbé lọ sí Ọ̀tan láti ọdún mẹ́jọ, ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn báyìí. Ọkọ̀ yìí ló ń bọ́ ilé yìí, o mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwọ tó wà ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò, bá mi wá ọ̀kan. Níwájú ilé wa níbí ni n ó ti fi ọwọ́ ara mi pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo páákì ló mọ̀ pé ọmọ mi ń ṣe mọ́tò ní Kánádà. Bí wọ́n bá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró ná. Má jẹ̀ẹ́ kí ojú tì mí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àdìsá.


Hamilton, Kánádà.
20/2/2024.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ má bínú pé mo pẹ́, iṣẹ́ ló pọ̀. Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ ní kí wọ́n má jókòó síwájú ọkọ̀ títí ẹ ó fi tún un ṣe.

Mo ti ra bọ́ọ̀lù-jọ́ìn ti ọwọ́ ọ̀tún, tuntun gidi, ó wà nínú páálí rẹ̀. Ọlálérè ọmọ Ọ̀tan tí a jọ ń gbé ń bọ̀ wálé pátápátá, ó fẹ́ máa dáko bàbá rẹ̀. Òun ni mo fi rán. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọkàn tán jáàkì nìkan. Ẹ gbé òkúta ńlá tàbí ìtì igi sábẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá dé nọ́ọ̀tì mọ́ ọn tán, ẹ má gbàgbé pín-ìnnì kékeré tó ń wọ ihò nọ́ọ̀tì náà kó má baà tú. Tuntun rẹ̀ wà nínú páálí.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Àwọn ọ̀gá wa fẹ́ràn mi. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu nípa tèmi.

Ọmọ yín,
Àsíìsì.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, 2024.

Àsíìsì,

Àwẹ̀ wà lẹ́nu mi bí mo ti ń kọ èyí, nítorí náà n ò ní í bínú ju bó ti yẹ lọ.

Ọlálérè dé. Ohun tí ó gbé fún mi kì í ṣe ohun tí o fi rán an. Mo ṣí páálí, mo rí irin kan tó ń dán bí abẹ́rẹ́, tó fúyẹ́, tí kò ní ọ̀rá kankan lára. Ọmọ mi, mo ti wa ọkọ̀ pẹ́ kí n tó bí ọ. Awakọ̀ wo ni kò mọ̀ pé èyí tí wọ́n ń pè ní tuntun, tó wà nínú páálí, ayédèrú ni? Kì í lo oṣù méjì. Tòkunbọ̀ ni irin. Ojúlówó ni wọ́n kọ́kọ́ fi sínú ọkọ̀ Òyìnbó, ó ti wà lójú ọ̀nà, ó ti dán ara rẹ̀ wò. Ó ti dá mi lójú pé o yọ ọ̀kan tó dára fún mi níbi iṣẹ́ rẹ, ọmọkùnrin yẹn sì tà á l'Ékòó, ó ra ìranù dípò rẹ̀. Mo lọ bá bàbá rẹ̀ l'Ọ́tan, mo sì sọ ọ́ lójú gbogbo ilé pé olè ni ọmọ rẹ̀. Ìyá rẹ ní mo ti yára jù. O ò rí i bí obìnrin ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

Mo ti páálí náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Mo lọ sí Òṣogbo, mo ra tòkunbọ̀. Ọ̀rá ibẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, dúdú, ó nípọn. Mo fi lu òkúta, Jàmíátù ní ó dún ganran. Lọ́jọ́ Àìkú mo gbé ọkọ̀ sókè níwájú ilé, mo fi òkúta sábẹ́ rẹ̀ bí o ti wí, mo tú táyà. Ti àtijọ́ yẹn lágídí kó tó jáde. Tòkunbọ̀ náà kò sì fẹ́ wọlé, òòlù ni mo fi bá a sọ̀rọ̀. Èmi ò gbọ́ bó ṣe ń dún, Jàmíátù ló ń pariwo pé, "Bàbá, ó tó, ó tó!" Mo dé nọ́ọ̀tì rẹ̀, mo fi pín-ìnnì àtijọ́ sí i, ó ṣì dára.

Lẹ́yìn náà mo gbé ìyá rẹ síwájú. Ó di ojú títí a fi dé Ọ̀tan. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ ìlú, ó lajú, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan àfi ẹyẹ. Àwọn tíṣà mi ti padà.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí o dáhùn, kí n lè kà á fún wọn ní páákì, nítorí àwọn kan ń bá mi jiyàn. Ìwọ tó wà nínú rẹ̀, sọ fún mi: ṣé kì í ṣe òótọ́ ni pé àwọn Òyìnbó kì í lo nǹkan gbó, pé ìgbádùn ló ń mú kí wọ́n yọ èyí tó ṣì dára dànù?

Bàbá rẹ,
Àdìsá.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin, 2024.

Àsíìsì,

O ò dáhùn. Jàmíátù ní àmì méjèèjì ti di búlúù láti ọjọ́ tí òun ti fi í ránṣẹ́, ìyẹn ni pé o ti kà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ṣé torí Ọlálérè lo ṣe ń bínú sí mi ni?

Ìyá rẹ ní òun tún gbọ́ ohùn kékeré kan lábẹ́ ọkọ̀. Mo wò ó, n ò rí nǹkan kan. Mo ní ebi àwẹ̀ ló ń dún nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

Àdìsá.


Hamilton.
8/4/2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú àwẹ̀, ẹ kú ìmúra ọdún. Ọlọ́run yóò gbà á lọ́wọ́ wa.

Ẹ dákun, Ọlálérè kì í ṣe olè. Èyí tó wà nínú páálí ni mo fi rán an. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá ráyè lẹ́yìn ọdún, ẹ yọ tòkunbọ̀ yẹn, ẹ fi ti inú páálí sí i.

Ní ti ìbéèrè yín, Bàbá, ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀, ó dá lórí èyí tí ènìyàn bá rí rà. Òmíràn máa ń dára. Ẹ kàn lo ti inú páálí.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa.

Àsíìsì.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
25/4/2024.

Bọ̀ọ̀dá mi Àsíìsì,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo ti sọ fún yín lórí fóònù, ẹkún ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Bàbá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, pé ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ka lẹ́tà yín kí ọdún tó wọlé. Wọ́n ní ẹ ń bo Ọlálérè láṣìírí ni, pé ojú ń tì yín láti sọ pé ó rẹ́ yín jẹ. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé tòkunbọ̀ náà ò dára ni, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe mọ́tò ì bá ti là á mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tí ọdún parí, Màámi tún sọ pé àwọn gbọ́ kọ̀-kọ̀-kọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹrìndínlógún, Bàbá ní kí wọ́n wá jókòó síwájú, kí àwọn jọ wá ibi tó ti ń dún. Kò sí èrò kankan nínú ọkọ̀. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀tan ni táyà ọ̀tún ṣẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ yà bàrà, ó lọ fi ẹ̀gbẹ́ ibi tí Màámi jókòó lu àpáta. Bàbá fara pa díẹ̀ láyà. Màámi dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin wọ́n. Gbogbo ènìyàn ń bi mí pé àkọ́bí wọn ńkọ́.

Bàbá sọ pé Màámi di ojú nígbà náà, wọ́n ń tẹ́tí. Wọ́n ní ohun tí Màámi sọ kẹ́yìn ni, "Bàbá Àsíìsì, ẹ rọra, mo ti ń gbọ́ ọ."

Páńẹ́bítà tó wọ́ ọkọ̀ wálé gbé irin tó já fún Bàbá. Nọ́ọ̀tì ṣì wà lórí rẹ̀, pín-ìnnì ṣì wà nínú nọ́ọ̀tì. Bàbá ń gbé e lọ gbé e bọ̀ nínú ilé. Wọn ò jẹun. Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí wọn.

Àbúrò yín,
Jàmíátù.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, 2024.

Àsíìsì ọmọ mi,

A ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ ìyá rẹ lánàá. Àwọn tíṣà mi wá láti Ọ̀tan, tìtìjú-tìtìjú ni mo fi jókòó láàárín wọn. Lémọ́ọ̀mù ní kádàrá ni. Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n kádàrá kọ́ ló wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú òòlù, èmi ni.

Ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí, nítorí náà ìwọ ni mo ń bi. Ṣé òòlù mi ni? Mo lù ú púpọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ bí irin ṣe ń ké, báwo ló ṣe máa mọ ìgbà tó tó? Jàmíátù ń pariwo pé ó tó, mo ṣì tún lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin. Ṣé mo fọ́ ọ nínú ni, tí n ò mọ̀? Tàbí pín-ìnnì àtijọ́ yẹn? Mo ti kó àwọn sípánà mi fún Àyànlọ́lá mẹkáníìkì, mo ní kó máa lò wọ́n. N ò ní í fọwọ́ kan mọ́tò mọ́.

Má ṣàánú mi. Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló pa á, sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí n ò mọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n sùn.

Àdìsá.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje, 2024.

Àsíìsì,

Àmì méjèèjì ti di búlúù.

Àdìsá.


Hamilton.
11/9/2024.

Bàbá mi,

Mo ti kọ lẹ́tà yìí nígbà mẹ́fà, mo ń fà á ya. N ò mọ bí mo ṣe lè kí yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Kì í ṣe ọwọ́ yín. Kì í ṣe òòlù, kì í ṣe pín-ìnnì. Láti ọjọ́ tí Jàmíátù ti kọ̀wé pé nọ́ọ̀tì ṣì wà lórí irin náà ni mo ti mọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ò dé e dáadáa ni, nọ́ọ̀tì ni ì bá tú. Orí róbótó rẹ̀ ló fà yọ nínú àwo rẹ̀, nítorí pé inú ibẹ̀ ti jẹ. Ó ti jẹ kí ẹ tó rà á.

Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ rèé. Bàbá, n ò sí ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò. N ò débẹ̀ rí. Àgbàlá kan ni mo wà, ibi tí wọ́n ń kó òkú mọ́tò sí. Èmi àti ọkùnrin méjì mìíràn là ń tú wọn. Yìnyín pọ̀ níbí, iyọ̀ ni wọ́n máa ń dà sójú ọ̀nà kó lè yọ́, iyọ̀ náà a sì máa jẹ irin láti inú. Àwọn Òyìnbó ò jù wọ́n nù nítorí ìgbádùn. Wọ́n jù wọ́n nù nítorí pé wọ́n ti kú. Èyí tí ara rẹ̀ bá ṣì jọ irin, a ó fi kẹrosíìnì nù ún, a ó fi ọ̀rá pa á, a ó kó o sínú kọ́ńténà. Èkó ni kọ́ńténà ń lọ. Irú ọ̀rá tí ẹ rí lára èyí tí ẹ rà, irú rẹ̀ ni ọwọ́ mi máa ń pa lójoojúmọ́.

Nígbà tí ẹ bi mí ní ìbéèrè yẹn, mo mọ ìdáhùn. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, ẹ ó bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Ẹ ti sọ fún gbogbo páákì. Ojú tì mí, Bàbá. Mo wá kọ "òmíràn máa ń dára."

Mo kọ èyí kí ọkàn yín lè fúyẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀ mí lọ́mọ, mo gbà.

Àsíìsì.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá, 2024.

Àsíìsì,

Lẹ́tà rẹ dé. Jàmíátù ti kà á kó tó fún mi, torí ojú rẹ̀ wú. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì bí mo ti máa ń ṣe.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀tan. Mo bá Ọlálérè lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ó ń pọ́n àdá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ọmọ tí mo lè bí. Ó ju àdá sílẹ̀, ó figbe ta, ó ní, "Bàbá, ẹ má ṣe báyìí fún mi," òun náà sì dọ̀bálẹ̀ síwájú mi. Orí ilẹ̀ la wà, àwa méjèèjì, nígbà tí bàbá rẹ̀ jáde wá bá wa.

Nígbà tí mo délé, mo fa páálí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gangan ibi tí ìyá rẹ máa ń gbé orí sí ló wà. Oṣù kan gbáko ló fi sùn lórí ohun tí ì bá gbà á là. Pín-ìnnì tuntun wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, nínú náílọ́ọ̀nù kékeré.

Ọmọ kì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. N ò kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Iṣẹ́ tí o sọ pé ò ń ṣe yẹn, iṣẹ́ ni. Bí o bá ti sọ ọ́ fún mi, ǹ bá ti gbé e lọ sí páákì náà, ǹ bá ní ọmọ mi ló ń tú mọ́tò Òyìnbó, kò sí ẹni tó mọ inú irin bí tirẹ̀. Ta ló sọ fún ọ pé n ò ní í fi yangàn? Bí o bá rí ọ̀nà, wálé wá wo ojú oórì ìyá rẹ. Bùbá rẹ ṣì wà lórí máṣíìnì.

Ṣùgbọ́n má tún sọ fún mi pé o kọ̀wé kí ọkàn mi lè fúyẹ́. Láti oṣù kẹrin ni mo ti ń wo ọwọ́ méjèèjì yìí. Mo ti bá wọn jà, mo sì ti ń bá wọn parí ìjà díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ àgbà ni, tí etí rẹ̀ ti di, ó lè ṣì í. Ìyẹn, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ lọ́jọ́ kan, mo lè jẹ́wọ́ rẹ̀ fún un, yóò ní ṣebí òun sọ fún mi pé mo máa ń yára jù. Èyí tí o gbé wá yìí, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e dé iwájú rẹ̀? Kí n sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ mọ̀?

Ó sàn fún mi nígbà tó jẹ́ ọwọ́ mi.

Bàbá rẹ,
Àdìsá.